Fèrè Mẹ́rin Nínú Pálọ̀ Bàbá

Àyè tí wọ́n fún mi nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi àgbà kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Akọ̀wé ìjọ ní kí n kọ ọ́ ṣókí, pé àwọn ọmọ-ọmọ pọ̀. Mo kọ ọ́. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo rí i pé wọ́n ti bá mi tún un ṣe: Bàbá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, onísùúrù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ta ni a fẹ́ sin báyìí?

Ẹni tí èmi mọ̀, tí mo dàgbà sí ilé wọn ní Ìkìrun, wọ́n lè bá họ́ọ̀nù ọ̀kadà jà. Bí ọlọ́kadà bá tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á gbórí sókè nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní ohùn yẹn ti wálẹ̀, kò ga tó bó ṣe yẹ kó ga. Lọ́jọ́ kan wọ́n dá ọkùnrin kan dúró, wọ́n ní kó lọ tún họ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe kó tó tún gba àdúgbò wa kọjá. Ọkùnrin náà rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ni wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàbá gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ti dárí jì ọ́, etí mi ni kò tíì dárí jì ọ́."

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí tó kù, èyí tí ìlà mẹ́jọ ò gbà. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé o. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ wà nínú ìwé ètò, ẹ lọ kà á níbẹ̀.

Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ṣe fẹ̀yìn tì, àmọ́ fèrè ni wọ́n fi ayé ṣe. Sasofóònù ni mò ń wí, èyí tó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní bàrítóònù. Tí Bàbá bá gbé e kọ́rùn, ẹ ó rò pé wọ́n tú páìpù omi ilé ẹnìkan gbé sáyà.

Nígbà tí wọ́n ṣì wà níṣẹ́ ní stéṣọ̀n Ìkìrun ni wọ́n gbọ́ ohun tó yí wọn lórí. Lórí rédíò kékeré kan ni. Sasofóònù mẹ́rin péré, kò sí ìlù, kò sí gìtá, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Orin jáàsì ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń jó. Irú èyí tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó fọn nínú yàrá ni, fún ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́. Bàbá ní ẹ̀wà tó wà lórí iná jóná mọ́ ìkòkò lójú àwọn, àwọn ò kúrò nídìí rédíò. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló wà nínú orin náà tó bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ń bá ara wọn jà," ni Bàbá wí, "àmọ́ kò sẹ́ni tó bínú jáde nílé."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá mẹ́rin tiwọn. Ó pẹ́ kó tó pé. Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Ìníṣà, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Tẹ́nọ̀, fèrè tó tẹ̀ lé bàrítóònù, ni wọ́n ń fọn. Ẹnìkejì ni Màmá Òkukù, aránṣọ, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Áltò, tó tún kéré sí i, ni tiwọn, wọn kì í sì í wọ bàtà fọn ọ́n, ì báà jẹ́ lórí síméǹtì tó tutù nínú ọyẹ́. Bàbá fúnra wọn ni ẹnìkẹta, èmi ni ẹnìkẹrin. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìkìrun, fèrè tó kéré jù tí ohùn rẹ̀ ga jù, ìyẹn sòpránò, ni mò ń fọn. Bàbá ló kọ́ mi. Áńgílíkà ni èmi àti wọn.

Gbogbo Sátidé la máa ń pàdé nínú pálọ̀ Bàbá. Bàbá Ìníṣà á gba àdúrà, àdúrà Onítẹ̀bọmi tó ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Màmá Òkukù á ní kò tíì parí, wọ́n á gba tiwọn, a ó pariwo halelúyà lẹ́ẹ̀meje. Bàbá á ti gbé fèrè kọ́rùn látìgbà yẹn, wọ́n á máa fi ìka yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Ní Sátidé kan tí Bàbá Ìníṣà fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn aláìsàn, Bàbá ní, "Sámúẹ́lì, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, jẹ́ kó gbọ́ orin."

Wọ́n bínú sí ara wọn lórí ìyẹn títí Màmá Àgbà fi gún iyán tán. Àwọn méjèèjì kì í ṣaláì jà. Wọ́n jà lórí bọ́ọ̀sì tó pẹ́, wọ́n jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ mọ kẹ̀kẹ́ gùn láyé ọjọ́un. Màmá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ló máa ń fòpin sí i. Wọn ò ní là á rárá, wọ́n á kàn gbé abọ́ sórí tábìlì, wọ́n á ní, "Ìjà lè dúró, iyán ò lè dúró."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti báàgì. Awọ pélébé-pélébé wà lábẹ́ bọ́tìnnì fèrè, òun ló ń dí ihò kí afẹ́fẹ́ má jò. Tó bá gbó, fèrè á máa wúkọ́. Kò sẹ́ni tó ń ta irú awọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ kan, Màmá Àgbà ń wá báàgì dúdú tí wọ́n máa ń gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Wọ́n wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá a nínú àpótí, wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo gbé e lọ ilé ìwé. Bàbá jókòó ní tiwọn, wọ́n ń nu gíláàsì ojú wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fèrè tó ti ń wúkọ́ láti oṣù mẹ́ta dá ṣáká. Màmá Àgbà yọjú láti kíṣìnì, wọ́n wo fèrè, wọ́n wo Bàbá. Bàbá ní, "Báàgì rẹ ò sọnù, ó ń kọrin." Ọjọ́ méjì gbáko ni Màmá Àgbà ò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń jókòó sí pálọ̀ tí a bá ń fọn fèrè, bí ẹni tó ní ìpín níbẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn fi ń yọ wá lẹ́nu jù ni ìlù. Níbikíbi tí a bá gbé fèrè lọ, ẹnìkan á ṣáà bèèrè pé ìlù dà? Nínú ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, bàbá kan dìde láàárín orin, ó ní kí wọ́n lọ pe onílù wá fún wa, pé àánú wa ń ṣe òun. Bàbá yọ fèrè lẹ́nu. Wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, tó ti ń lu ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin láìmọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lonílù wa, ẹ má dáṣẹ́ sílẹ̀." Ó jókòó, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Yétúndé lorúkọ mi. Oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó bí mi ni ìyá tó bí Bàbá kú, nítorí náà, lójú Bàbá, ìyá wọn ló padà wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu lásán. Bàbá ò sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò, "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun? Ìyá mi, ẹ ò tíì ṣe iṣẹ́ àmúrelé yín. Nígbà tí mo fọ́ dígí ojú fèrèsé wọn, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá wá mi kàn níbẹ̀, wọ́n dúró wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi bá ara yín wí o, torí èmi ò lè na ìyá mi." Ìtìjú yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí orin. Bàbá ló ń kọ ohun tí a ń fọn, nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, wọ́n á fi rúlà fa ìlà márùn-ún márùn-ún. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ewé mẹ́fà ni. Láti ojú ewé kìíní dé ìkẹrin, ohun tí wọ́n kọ ni a ó fọn. Ìkarùn-ún ṣófo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Pápá. Tí a bá dé pápá, a ó gba ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn á fọn ohun tó bá wà nínú rẹ̀, àwọn tó kù á máa gbè é. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa á jọ jáde sí ojú ewé kẹfà, tó kẹ́yìn. Bàbá ò jẹ́ ká wo ojú ewé kẹfà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po nínú ìwé kálukú, wọ́n fi píìnì aránṣọ Màmá Òkukù há a. Wọ́n ní a ó rí i tí a bá débẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò débẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ ilé ni ò jẹ́ ká débẹ̀. Bàbá Ìníṣà ló máa ń gba pápá kẹ́yìn, èmi ló sì yẹ kí n wọlé bá wọn láti mú gbogbo wa jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkìrun, tí àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu?

Ọjọ́ ìkórè ìjọ Màmá Òkukù ni ojú tì wá jù. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù, a jókòó síwájú ìjọ, a bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bàbá Ìníṣà wọ pápá. Wọ́n fọn ún, ó dùn, ìjọ ń mi orí. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ tán, wọ́n wò mí. Mo rò pé àgbà ló ń wo ọmọ, mo tẹrí ba, mo ń gbè wọ́n lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n tún wò mí. Mo tún tẹrí ba sí i. Wọ́n yíjú sí Màmá Òkukù, Màmá Òkukù náà tẹrí ba, torí Bàbá Ìníṣà jù wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ń wò wá tó la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Òógùn bo Bàbá Ìníṣà, iṣan ọrùn wọn yọ. Ìjọ rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe halelúyà, ìyẹn tún wá sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ò lè dá dúró. Níkẹyìn, Bàbá Ìníṣà yọ fèrè lẹ́nu, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n wí sétí gbogbo ìjọ: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú síbí ni? Kò sẹ́ni tó máa gbà mí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé fèrè sílẹ̀. Àmọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n là á kalẹ̀: ẹni tó ń fọn sòpránò ni yóò máa ṣáájú. Tí Yétúndé bá ti gbé fèrè rẹ̀ sókè, ẹni yòówù tó wà ní pápá, kó jáde.

Bàbá Ìníṣà dìde. "Jósẹ́fù, ọmọ tí mo jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, tí wọ́n fi oyin sí lẹ́nu lójú mi, òun ni yóò gbé irin sókè pé kí n dákẹ́?"

"N kò ní kí o dákẹ́. Mo ní kí o jáde."

"Kí ló yàtọ̀?"

Màmá Òkukù dá sí i, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bàbá Ìníṣà ní kì í ṣe fèrè ni wọ́n fọn dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gbé tẹ́nọ̀ wọn, wọ́n lọ. Sátidé kan kọjá, wọn ò wá. Sátidé márùn-ún kọjá. Iyán tí Màmá Àgbà gún fún wọn, a ń bá wọn jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àárín ìgbà yẹn ni dókítà sọ fún Bàbá pé àyà wọn ti ń rẹ̀, pé fèrè ńlá yẹn ò ní pẹ́ kọjá agbára wọn. Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán. Wọ́n ní, "Ìyá mi, kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù. Mi ò tíì gbọ́ ojú ewé kẹfà ni."

Ní Sátidé kẹfà, Bàbá wọ agbádá funfun láàárọ̀, wọ́n ní kí n gbé fèrè mi, ká lọ Ìníṣà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ wọn ni. A bá Bàbá Ìníṣà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àti ìyàwó ọmọ wọn àti àwọn aládùúgbò méjì kan ń bó àgbàdo. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn tó pàdé nínú bánkì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ṣí fìlà. Wọn ò kọjú sí Bàbá Ìníṣà. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n sì na gbalaja sílẹ̀ tàwọn ti agbádá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Gbogbo ilé dìde. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ má wò ó bí eré. Mo ṣubú lórí orúnkún, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Wọn ò dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ látilẹ̀ níbẹ̀, ohùn wọn balẹ̀ dáadáa.

"Ìyá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ bá mi bá Sámúẹ́lì wí. Ọdún tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ tí wọ́n gbé Sámúẹ́lì wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ. Orí ẹní kan náà lẹ tẹ́ èmi àti ẹ̀ sí. Ó ti gbàgbé. Ó ní ọmọdé lẹ."

Mi ò mọ̀ pé irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ rí. Àgbàdo dúró lọ́wọ́ Bàbá Ìníṣà. Wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí.

"Jósẹ́fù," ni wọ́n wí níkẹyìn, "dìde, o ti ba agbádá jẹ́."

"Ìyá mi ò tíì ní kí n dìde."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, títí dòní mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ó tó. Ẹ lọ gbé fèrè yín." Kí n tó sọ ọ́ tán, Bàbá Ìníṣà ti ń wọlé lọ gbé tẹ́nọ̀ wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì, Bàbá ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára agbádá, inú wọn ń dùn bí ọmọdé. Wọ́n fẹnu sí mi létí. "Mo mọ̀ pé kò ní kọ̀. Kò kọ̀rọ̀ sí ìyá mi lẹ́nu rí, àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá sùn tí wọn ò jí mọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bá wọn kọ́ nìyẹn. Ọ̀sán Sátidé tí a ti Ìníṣà dé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá wọn, nínú pálọ̀, tí Màmá Òkukù ti dé láìwọ bàtà, tí Màmá Àgbà gbé àga sún mọ́ wa, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbàdúrà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

A fọn ojú ewé kìíní dé ìkẹrin. A wọ pápá. Bàbá ló kọ́kọ́ gbà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èémí wọn gbé, àmọ́ ó pé. Màmá Òkukù gbà á, èmi náà gbà á. Ó kan Bàbá Ìníṣà. Wọ́n fọn ún bí ẹni ń rojọ́, ó dùn débi pé mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n wò mí. Ọrùn mi fẹ́ tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. Mi ò jẹ́ kó tẹ̀. Mo gbé fèrè mi sókè, Bàbá Ìníṣà sì jáde.

Píìnì ń bọ́ sílẹ̀ káàkiri. A ṣí ojú ewé kẹfà, a ń fọn ún bí a ṣe ń kà á, orin jẹ́jẹ́ kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ Bàbá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo yíjú. Fèrè Bàbá wà lórí itan wọn, wọ́n di ojú. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Màmá Òkukù fẹ́ dúró. Bàbá ò la ojú, wọ́n kàn juwọ́ pé ká máa lọ. A bá a lọ, a fọn ún títí dé òpin.

Bàbá Ìníṣà dìde, wọ́n lọ wo ìwé tó wà níwájú Bàbá. Ìlà márùn-ún márùn-ún tí wọ́n fi rúlà fà ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí wọn.

"Jósẹ́fù, o ò kọ tìẹ."

Bàbá la ojú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Kò sí tèmi níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ó ṣe máa ṣe é."

Bàbá Ìníṣà padà sórí àga, wọ́n gbé tẹ́nọ̀ sẹ́nu, wọ́n tún yọ ọ́. Wọn ò wo Bàbá mọ́. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ìyá wa," ni wọ́n wí, "ẹ tún mú wa lọ síbẹ̀."